Ẹ Rẹ Ẹ̀wà Sómi Lálẹ́ Òní: Bí Àfojúsùn Kékeré Ṣe Ń Tún Ìlera Ṣe

Ní ọjọ́ Àìkú tí bàbá mi padà délé láti ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tí ó bá wa wálé láti kọ́ wa bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀ wo gbogbo àwa ọmọ tí a jókòó yí ibùsùn ká, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ na apá yín." Ó wọn ìfúnpá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kàn mí, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú mi, ó béèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní ọmọ ọdún 29 ni mí. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ ni 148 lórí 94. Nígbà tí mo tún lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Orí kò fọ́ mi. Òòyì kò kọ́ mi. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣe nìyẹn: kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tí òǹkà òkè rẹ̀ bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní in ni kò mọ̀. Bàbá mi mọ̀ ní tirẹ̀. A rí káàdì ilé ìwòsàn kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ó ti ń fi í pamọ́ fún wa kí a má baà dààmú. Èmi kò fẹ́ fi tèmi pamọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ìpinnu tí kò pé ọjọ́ mẹ́wàá

Nígbà tí ọdún yí padà, mo mú bíírò, mo kọ ìpinnu mi sílẹ̀: n kò ní jẹ ẹran mọ́, n kò ní mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́, n ó máa sáré ní àràárọ̀, n ó sì fi kìlógíráàmù 10 sílẹ̀ kí ó tó di Àjíǹde. Ìwé náà lẹ́wà púpọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ wó. Mo ti kúrò nílé ní Ìkòròdú ní aago 5 ìdájí láìjẹ nǹkan kan. Ní alẹ́, inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni mo wà, ebi ń pa mí bí ẹni pé ó fẹ́ gbẹ̀mí mi. Ọmọkùnrin kan gbé míìtì páì kọjá lẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀. Mo ra méjì, mo sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tì í. Bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán ni mo sọ fún ara mi pé, "O ti bà á jẹ́ tán." Láti ọjọ́ náà títí di ìparí oṣù Kejì, mo jẹ ohun gbogbo tí ojú mi rí.

Ojú tì mí. Mo rò pé èmi ni n kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìpinnu náà ló ní àbùkù. Ó sọ ohun tí n kò ní ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí n ó jẹ ní aago 7 alẹ́, nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ikùn òfìfo.

Ọdẹ kì í fojú sun gbogbo igbó

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: àfojúsùn. Ọdẹ tí ó gbé ìbọn kò lè fojú sun gbogbo igbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran kan ni ó ń fojú sùn, ní ojú ibì kan, ní àkókò kan. Ẹni tí ó bá sọ pé "mo fẹ́ ní ìlera" kò tíì fojú sun nǹkan kan. Ìfẹ́ ọkàn ló sọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Edwin Locke àti Gary Latham, tí wọ́n gbé ìwé ńlá wọn lórí àfojúsùn jáde ní ọdún 1990, fi hàn pé ẹni tí ó bá ní àfojúsùn pàtó tí ó gba akitiyan a máa ṣe dáadáa ju ẹni tí a kàn sọ fún pé kí ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Ní ọdún 1999, Peter Gollwitzer, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé ọ̀nà kan tí ó rọrùn: kí ènìyàn so ohun tí ó fẹ́ ṣe mọ́ àkókò àti ibi tí yóò ti ṣe é. Ohùn "bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni n ó ṣe" ni. Ẹni tí ó bá ti pinnu bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní láti máa bá ara rẹ̀ jiyàn nígbà tí ebi bá dé.

Ìwádìí kẹta ni ó tù mí nínú jù. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12 láti mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ìwà tuntun tó mọ́ni lára. Ní ọdún 2010 tí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde nínú ìwé, wọ́n ní ọjọ́ 66 ni ó wà ní agbedeméjì, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì: ó lè jẹ́ ọjọ́ 18, ó sì lè tó 254. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba iṣẹ́ ẹ̀yìn jẹ́. Ẹ wo èmi tí mo fi míìtì páì méjì pa odidi oṣù kan run!

Ẹran ni àlejò nínú ìkòkò

Àfojúsùn ti yé mi, ó wá ku oúnjẹ. Dókítà ti sọ fún mi pé kí n dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, kí n sì jẹ́ kí ewé, èso àti ẹ̀wà pọ̀ nínú oúnjẹ mi. Èmi rò pé èyí túmọ̀ sí sàláàdì inú àwo funfun àti èso tí ó gun ọkọ̀ òfuurufú wá, títí mo fi rìn gba inú Ọjà Bódìjà kọjá ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí mo lọ wo bàbá mi. Tẹ̀tẹ̀ nìyí, ṣọkọ nìyí, gbúre, ewédú, ilá, ewúro. Ẹ̀wà olóyin wà, ẹ̀wà funfun wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti irú náà wà. Mo rántí ìkòkò ìyá mi àgbà. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni onílé nínú ìkòkò náà. Ẹran ni àlejò. Àwa ni a wá sọ àlejò di onílé.

Ọgbọ́n wà nínú oúnjẹ náà pẹ̀lú. Ẹ wo àdàlù, ẹ wo àkàrà àti ẹ̀kọ. Èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀wà kún fún lysine, ṣùgbọ́n methionine inú rẹ̀ kò tó. Ti àgbàdo kò ní lysine tó, ó sì ní methionine tí ẹ̀wà ń wá. Bí a bá jẹ méjèèjì, ọ̀kan ń dí àlàfo èkejì. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ èròjà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ oúnjẹ tí ó gbé ọmọ dúró.

Ẹ̀rí wà pé irú oúnjẹ báyìí ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Ní ọdún 1997, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DASH. Àgbàlagbà 459 ni ó kópa nínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ kan jẹ oúnjẹ tí ó kún fún èso, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọkà tí a kò bó èèpo rẹ̀, pẹ̀lú wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ àti ẹran díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, òǹkà òkè àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ọ̀wọ́ náà fi nǹkan bí 11 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí ó ń jẹ oúnjẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ lọ. Wọn kò dín iyọ̀ wọn kù ju ti àwọn yòókù lọ, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fọn. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò pa ẹran tì pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á tì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó kàn dá ẹran padà sí ipò àlejò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti ilẹ̀ hù ni ó ń ṣe ara lóore bákan náà. Inú ìrèké ni ṣúgà ti wá. Búrẹ́dì funfun, pọfù-pọfù àti òkítì ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ṣíbí méjì kì í ṣe ohun tí mo ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí ó tó gíráàmù 400 lóòjọ́, wọn kò sì ka iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n tún ní kí iyọ̀ tí a ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan.

Àfojúsùn mẹ́ta, oṣù mẹ́ta

Mo ya ìwé ara ògiri. Mo kọ àfojúsùn kan ṣoṣo fún oṣù kìn-ín-ní: láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí mo gbé láti ilé ni n ó máa jẹ ní ọ̀sán. N kò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ alẹ́. N kò fòfin de ẹran. Lẹ́yìn náà ni mo kọ àwọn "bí" mi:

Bí mo bá fẹ́ lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó kọ́kọ́ rẹ ìdajì kóńgò ẹ̀wà sómi.

Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Àìkú, n ó gbé e kaná kí n tó jókòó, n ó sì pín in sínú ike mẹ́rin. Bí iná kò bá sí láti gbé e sí fíríìsà, ti ọjọ́ kan péré ni n ó sè, n ó sì wá àyè se ìyókù láàárín ọ̀sẹ̀.

Bí ebi bá pa mí nínú ọkọ̀, ẹ̀pà sísun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ inú àpò mi ni n ó jẹ.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó gbà mí là. Ọmọkùnrin oní-míìtì páì náà ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé.

Ní oṣù kejì, mo fojú sun iyọ̀. Ẹ gbé páálí mágí èyíkéyìí, ẹ ka àkójọ ohun tí wọ́n fi ṣe é: iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú. Ẹyọ mẹ́ta ni mo máa ń fọ́ sínú ìkòkò. Mo sọ ọ́ di ẹyọ kan. Irú, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ata ni ó gba ipò ìyókù. Irú náà, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ pa á mọ́. Mo tún fi káún sílẹ̀. Káún tí a ń jù sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀ ní sodium nínú, ohun kan náà tí a ń sá fún nínú iyọ̀, ó sì máa ń ba fítámínì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Ẹ̀wà tí ó sun inú omi mọ́jú kò nílò rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, mo fojú sun ọ̀nà ìsebẹ̀. Mo dẹ́kun bíbọ ẹ̀fọ́ kí n sì fún omi rẹ̀ dànù, nítorí fítámínì C àti folate máa ń bá omi náà lọ. N ó fọ̀ ọ́ kí n tó rẹ́ ẹ, òun ni n ó sì jù sínú ọbẹ̀ kẹ́yìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ewúro nìkan ni mo ṣì ń fọ títí kíkorò rẹ̀ yóò fi dínkù. Mo sì fi èkuru àti mọ́ínmọ́ín inú ewé eéran rọ́pò àkàrà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí pé èkuru kò mọ epo dídín.

"Ṣé owó ni kò sí ni?"

Ìdènà tí ó le jù kò ti ọ̀dọ̀ ikùn wá. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ni ó ti wá. Ní ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ rí mi tí mo ń jẹ ẹ̀fọ́ láìsí ẹran, ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé owó ni kò sí ni? Má fi pamọ́ fún mi."

"Màmá, owó wà. Ìlera ni mo ń wá."

"Ta ni yóò rí àwo yìí tí kò ní sọ pé ìyà ń jẹ ọ́?"

N kò bínú sí i. Ní ilẹ̀ wa, ẹran inú àwo jẹ́ ẹ̀rí pé nǹkan ń lọ déédéé. Ẹ lọ sí òde àríyá, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi iye ẹran ṣe àpọ́nlé àlejò. Ẹ̀wà, ẹ̀wẹ̀, ni a ń pè ní oúnjẹ ọmọ ilé ìwé tí ń gbé ní ilé àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, ẹ̀wà yìí kan náà ni wọn kò gbàgbé. Títí di òní, wọ́n ń ta àkàrà ní òpópónà ìlú Salvador ní Bahia, acarajé ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pe èyí tí a fi ewé sè ní abará. Oúnjẹ tí ó la òkun já tí kò kú, kì í ṣe oúnjẹ ìyà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo lọ sí ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ohun gbogbo tí wọ́n gbé wá. Ní àtijọ́, ibẹ̀ ni n bá ti sọ pé mo ti bà á jẹ́ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, mo délé, mo rẹ ẹ̀wà sómi, mo lọ sùn.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún

Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oúnjẹ inú oko kò ní fítámínì B12 tí ara lè gbára lé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò oògùn fítámínì náà tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi í sí, pàápàá aboyún àti abiyamọ. Èròjà irin wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran. Ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ máa ń ràn án lọ́wọ́. Tíì tí a mu pẹ̀lú oúnjẹ máa ń dí i lọ́nà.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé kò gbọ́dọ̀ fi ewé, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, nítorí potassium inú wọn lè pọ̀ jù fún un. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Oúnjẹ kò lé oògùn kúrò nílé. Bàbá mi ni ẹ̀rí mi. Ó ti dá tirẹ̀ dúró nígbà tí ara rẹ̀ yá.

Ibi tí a bá a dé

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. 131 lórí 84. Kò tíì dé ibi tí a ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ibi tí ó wà. Dókítà ní kí n máa bá a lọ, kí n sì máa wá wọ̀n ọ́n lóṣooṣù; bí ó bá tún gòkè, oògùn yá. Mo gbà. Ohun tí ó bá èmi mu lè má bá ẹlòmíràn mu, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ wọn tiyín.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ yan nǹkan kan péré, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ sọ wákàtí rẹ̀, ẹ sọ ìkòkò tí ẹ ó fi sè é. Ẹ ronú nípa ibi tí ẹsẹ̀ yín ti máa ń yọ̀, kí ẹ sì fi "bí" kan sí ojú ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde ní oúnjẹ tí ó tẹ̀ lé e, ẹ má dúró de ọdún tuntun. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyá mi kò bi mí nípa owó mọ́. Ìkòkò kan náà ni ó ń sè fún bàbá mi báyìí: ẹ̀fọ́ púpọ̀, irú, iyọ̀ ìwọ̀nba. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, bàbá mi fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bu gbẹ̀gìrì, ó tọ́ ọ wò, ó sì wò mí. Ọ̀rọ̀ ṣì ṣòro fún un, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ títí ó fi yé mi: "Iyọ̀... kò tó." A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Ìyá mi kò sì fi kún un.